Bí ẹ ṣe lè kun òdòdó bíi tàwọn ará Hóláńdì, pẹ̀lú ohun tó ń hù n'Ẹ̀pẹ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, mo já òdòdó hibiscus mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé wa n'Ẹ̀pẹ́, mo kó wọn sínú ife, mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀. Mo ti wo àwòrán àwọn ará Hóláńdì àtijọ́ lórí fóònù títí, òdòdó tó kún inú ìkòkò bámúbámú, tí ẹ̀yìn wọn dúdú kirikiri, tí ìrì wà lórí ewé bí ẹni pé téèyàn bá fọwọ́ kàn án á tutù, mo ní èmi náà á ṣe irú ẹ̀. Kí n tó ya ọ̀kan tán oòrùn ti kúrò níbi tó wà, òjìji ti yí, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ká jọ bí agbòòrùn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mo rò pé ọwọ́ mi ló lọ́ra. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ kan péré ni hibiscus ń lò, ó là láàárọ̀, ó pa lálẹ́, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ yá tó o. Àwọn ọ̀gá tí mò ń wò yẹn gan-an, kì í ṣe ìkòkò òdòdó kan ni wọ́n gbé síwájú tí wọ́n ń wò ó kùn.

Ìdì òdòdó tó wà nínú àwọn àwòrán yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò sí láyé rí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí tulip tó máa ń yọ nígbà ìrúwé wọn lọ́hùn-ún, ẹ máa rí róòsì tó máa ń yọ lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, àwọn méjèèjì á wà nínú ìkòkò kan náà, tí wọ́n tutù yọ̀yọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé tí òdòdó kan bá ti yọ wọ́n á yà á sínú ìwé lóun nìkan, ó lè jẹ́ oṣù kẹrin, òmíràn lóṣù kẹfà, wọ́n á kó o pa mọ́, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àwòrán ńlá ni wọ́n á wá tò wọ́n pọ̀. Ambrosius Bosschaert, ẹni tí wọ́n bí ní 1573 tó ṣiṣẹ́ ní Middelburg, òdòdó kan náà, bó ṣe tẹ̀ síbẹ̀ gan-an, ẹ lè rí i nínú àwòrán ẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ. Jan Brueghel tó wà ní Antwerp lápá Flanders nísàlẹ̀ wọn, lẹ́tà tó kọ sí kádínà kan ní Milan ní 1606 ṣì wà, ó sọ níbẹ̀ pé òun lọ dé Brussels nítorí òdòdó tóun ò rí ní Antwerp. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Jan van Huysum. Àwòrán ẹ̀ kan wà ní National Gallery ní London tó kọ ọdún méjì sí, 1736 àti 1737. Ní 1742 ó kọ̀wé sí oníbàárà ẹ̀ kan pé òun ò lè parí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá torí pé òun ò rí róòsì aláwọ̀ ìyeyè.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ra pẹ́ǹtì kankan, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ìwé tí bébà ẹ̀ ki díẹ̀, pẹ́ńsùlù, watercolour kékeré tàwọn ọmọ ilé ìwé, ó ti tó. Òdòdó kan, ojú ìwé kan. Ẹ yà á níwájú, ẹ yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ya ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí igi ẹ̀ ti sopọ̀ mọ́ ọn, torí pé nínú ìdì òdòdó kì í ṣe gbogbo wọn ló máa kọjú sí wa, àwọn kan á kẹ̀yìn, àwọn kan á dorí kodò, èyí gan-an ló máa ń jẹ́ kó dà bí ohun tó ń mí. Ẹ ya èyí tí ò tíì là, ẹ ya èyí tó ti rọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun kan tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé rárá: ibi kan náà ni kí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá nígbà gbogbo. Òkè lápá òsì ni àwọn ará Hóláńdì sábà máa ń lò, èmi náà bẹ́ẹ̀, mo máa ń jókòó kí fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì mi. Tẹ́ ẹ bá ya ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òsì, tẹ́ ẹ ya ìkejì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ wọ́n á máa bára wọn jà, ẹni tó ń wò ó lè má mọ ìdí ẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò ní balẹ̀.

Ẹ má lọ wá tulip kiri o. N'Ẹ̀pẹ́ yìí nìkan, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Òdòdó ilá, ìyeyè tó fẹ́lẹ́ bíi síńlíkì, tí inú ẹ̀ pọ́n dúdú bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbin ilá ni ò tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó rí láyé wọn. Aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá a, lọ́sàn-án ó ti ń ká jọ. Òdòdó elégédé náà, àárọ̀ kùtù. Tannápoṣó ní tiẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, bíi aago mẹ́rin lọ sókè, orí igi kan náà ẹ lè rí pupa, ìyeyè, àti èyí tó tò méjèèjì pọ̀. Ìṣápá wà, ewé akòko wà, pèrègún wà létí ọgbà. Òṣíbàtà wà lójú omi, ọ̀nà ẹ̀ jìn díẹ̀, màá padà síbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìtumọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bi mí. Àwọn ará Hóláńdì ìgbà yẹn, ìsìn Pùròtẹ́sítáǹtì ti gbilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti kó àwòrán kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, oníbàárà ńlá tí àwọn ayàwòrán gbójú lé ti lọ nìyẹn, àwọn oníṣòwò tó lówó ló wá ń ra àwòrán sí ògiri pálọ̀ wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò kúrò lọ́kàn wọn, ó kàn sá wọnú òdòdó ni. Ẹni tó bá mọ ìwé Oníwàásù á mọ “asán inú asán”, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ irú àwòrán kan lórúkọ, vanitas, tó jẹ́ asán lédè Látìnì. Agbárí, aago oníyanrìn, fìtílà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí èéfín ṣì ń rú lẹ́nu ẹ̀, gbogbo wọn ń sọ pé ọjọ́ ń lọ. Òdòdó ní tiẹ̀ kò tiẹ̀ nílò agbárí lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí Aísáyà orí 40 ti fi ògo èèyàn wé ìtànná pápá tó ń rọ. Lílì funfun dúró fún mímọ́ àti Màríà ìyá Jésù. Róòsì, ìfẹ́. Poppy tí wọ́n ń fi oje ẹ̀ ṣe oògùn orun, oorun àti ikú. Ṣírí àlìkámà, búrẹ́dì ara Olúwa àti àjíǹde, torí hóró gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kó tó hù. Labalábá ni ọkàn tó fi ara sílẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé kòkòrò tó ń fà nílẹ̀ yẹn á wé ara ẹ̀ bí òkú kó tó fò. Eṣinṣin dúró fún ìbàjẹ́, torí ibi tí nǹkan bá ti ń rà ló máa ń bà sí.

Tulip ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ilẹ̀ Ọtọmánì lọ́hùn-ún Túrkì ló ti wá, nígbà tó sì fi máa di 1630 sókè wọ́n ti ń tà á lówó gọbọi, wọ́n ń ra gbòǹgbò ẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀, tí ẹni tó rà á ò rí i lójú, títí tí gbogbo ẹ̀ fi wó lulẹ̀ lóṣù kejì 1637. Àwọn tó wọ́n jù ni àwọn tó ní ìlà pupa lórí funfun bí ahọ́n iná. Fáírọ́ọ̀sì ló fa ìlà yẹn, kòkòrò tíntìntín tó ń fa omi ara ewé mu (aphid) ló ń gbé e kiri, wọn ò mọ̀ nígbà náà. Àìsàn ni wọ́n ń ra lówó iyebíye tí wọ́n ń kùn sórí páákó. Mo máa ń rò ó gan-an.

Ọ̀kan tún wà tí ń kò lè fò kọjá gẹ́gẹ́ bí ọmọ etí ọ̀sà. Nísàlẹ̀ ìkòkò òdòdó, wọ́n sábà máa ń to ìkarahun òkun síbẹ̀, èyí tó rẹwà tó ti ọ̀nà jíjìn wá, láti fi hàn pé olówó nilé. Ní ìgbà kan náà, ọkọ̀ Hóláńdì ló ń kó owó ẹyọ láti Ìlà Oòrùn wá sí Amsterdam, wọ́n sì ń tà á níbẹ̀ fáwọn tó ń kó o wá sí etíkun ilẹ̀ wa yìí láti fi ra èèyàn. Àwòrán náà dùn-ún wò, mo fẹ́ràn ẹ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ tí mo bá ti rí ìkarahun lórí tábìlì yẹn, Badagry ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé gbogbo ewé ló ń wàásù o. Nígbà mìíràn òdòdó pupa wà níbẹ̀ torí pé ibẹ̀ nílò pupa ni. Rachel Ruysch (1664 sí 1750), tó bí ọmọ mẹ́wàá tó ṣì ń kùn lẹ́yìn tó pé ọgọ́rin ọdún, bàbá ẹ̀ jẹ́ dókítà tó ń kọ́ni nípa ara èèyàn àti nípa ewéko, ilé wọn kún fún kòkòrò àti òkú ẹranko tí wọ́n tọ́jú kó má bàjẹ́. Ojú ẹni tó mọ kòkòrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló fi ń kùn ún. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí tata lórí ewé ẹ̀, ó lè jẹ́ tata náà ló wù ú.

Àwa ńkọ́? Mi ò gbà pé ká gbé agbárí sórí tábìlì, ẹni tó bá wọ pálọ̀ yín á sá jáde. A ní tiwa. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fọmọ ẹ̀ rọ́pò. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn, ikú wà níbẹ̀, ẹni tó kù lẹ́yìn wà níbẹ̀, ohun tí fìtílà àti àlìkámà ń ṣe nínú àwòrán wọn ló ń ṣe. Mo ti fi eérú díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rí, pẹ̀lú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì, ìyá àgbà kan ládùúgbò wò ó, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní “ta ló kú fún ẹ?” Mi ò ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn tẹ́lẹ̀. Tannápoṣó, orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́ tán, ó ń tanná nígbà tílẹ̀ ń ṣú. Pèrègún kì í tètè kú, ewé tuntun lọ́dọọdún. Ìgbín, nínú tiwọn ẹran tó ń jẹ ewé run ni, nínú tiwa ẹ̀rọ̀ ni, torí náà ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀. Ohun mẹ́ta tó nítumọ̀ ti tó nínú àwòrán kan. Tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ó ti di pátákó ìpolówó.

Tẹ́ ẹ bá ti ní bí ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ gé bébà ní ìwọ̀n òdòdó kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tò wọ́n sórí tábìlì, ẹ máa sún wọn kiri. Bosschaert àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń tò wọ́n bí ìgbà táwọn èèyàn dúró ya fọ́tò ìgbéyàwó, oníkálùkù hàn, kò sẹ́ni tó bo ẹnìkejì. Ó rọrùn, ẹ kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Willem van Aelst tó kọ́ Ruysch níṣẹ́ ló wá jẹ́ kí ìdì náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, igi òdòdó kan á yọ lókè lápá ọ̀tún, ìkejì á tẹ̀ wálẹ̀ lápá òsì, ojú yín á rìn láàárín wọn bí ọ̀nà odò. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù, funfun tàbí ìyeyè, ẹ fi í sí àárín, àwọn tó dúdú á wà létí, kí wọ́n máa wọ òkùnkùn lọ díẹ̀díẹ̀. Kí ewé kan tàbí òdòdó kan já sórí tábìlì níwájú. Kẹ́ ẹ má sì da ara yín láàmú lórí bóyá ọrùn ìkòkò lè gba gbogbo igi yẹn, tiwọn náà ò lè gbà á.

Ó wá kan kíkùn. Páákó ni mo fẹ́ràn ju kánfáàsì lọ fún irú iṣẹ́ yìí torí ó ń dán, àwọn àkọ́kọ́ náà orí páákó oak àti orí bàbà pẹrẹsẹ ni wọ́n ti ń kùn. Plywood tó mọ́ra, ẹ fi gesso, ìyẹn pẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń múra ojú páákó sílẹ̀, kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa fi sánpépà tó kúnná ha á láàárín, tójú tiwájú tẹ̀yìn, torí ọ̀rinrin ọ̀sà wa yìí á ká a bí ẹ bá kun ojú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọ̀ ilẹ̀, bíi burnt umber tó fẹ́lẹ́, pa funfun yẹn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí funfun gbòò, ojú ò ní mọ ohun tó mọ́lẹ̀ lóòótọ́.

Acrylic, pẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi omi pò, ni màá ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lò, ó ń tètè gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo oil, pẹ́ǹtì olóròóró, bíi tiwọn, òróró linseed ni kó fi pò ó, kó má fi kẹrosín pò ó rárá, kì í gbẹ dáadáa, kó sì jẹ́ kí ìpele òkè lóròóró ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Funfun wọn ìgbà yẹn òjé ni, májèlé ni, titanium white ni kẹ́ ẹ rà.

Ìpele àkọ́kọ́, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni doodverf, ìyẹn àwọ̀ òkú. Orúkọ yẹn bá a mu gan-an. Ẹ kàn fi àwọ̀ kan tó rọlẹ̀ tí ò dán kun òdòdó kọ̀ọ̀kan, apá ìmọ́lẹ̀ àti apá òkùnkùn nìkan, kò sí iṣan ewé, kò sí ìrì, kò sí ohunkóhun tó ń dán. Òdòdó funfun, ẹ fi àwọ̀ eérú kùn ún, funfun gidi ṣì ń bọ̀. Òdòdó pupa, ẹ fi pupa tó sún mọ́ ọsàn kùn ún. Ẹ̀yìn àwòrán, ẹ má fi dúdú inú túùbù ṣe é, ó máa ń kú pátápátá, burnt umber àti búlúù ultramarine tẹ́ ẹ pò pọ̀ á fún yín ní dúdú tó jinlẹ̀ bí ọ̀sà lóru. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé ó ti bàjẹ́ tí wọ́n á jù ú dà nù. Ẹ mú sùúrù, òkú ni lóòótọ́, kò tíì tó àkókò ni.

Kó gbẹ pátá, ẹ tó gbé ìkejì lé e. Níbí ẹ ó máa lo pẹ́ǹtì tó fẹ́lẹ́ tó hàn gbangba, bí ìgbà tí aláró ń ri aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀kan, ó sá a, ó tún rì í, kì í ṣe pé aró ìkejì bo ti àkọ́kọ́, wọ́n jọ ń tàn ni. Orí pupa ọsàn yẹn, ẹ fi pupa crimson fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún lápá òkùnkùn, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ máa rí i pé pupa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sínú bí ẹni pé iná wà lẹ́yìn ẹ̀, pupa kan ṣoṣo láti inú túùbù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ewé náà bẹ́ẹ̀, búlúù àti ìyeyè. Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ tí ewé ẹ̀ jẹ́ búlúù, kì í ṣe pé ẹni yẹn fẹ́ búlúù, ìyeyè tó fi kùn ún lókè ni oòrùn ti jẹ lọ. Torí náà ẹ wo ara túùbù kẹ́ ẹ tó rà á, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá á pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Etí àwọn òdòdó tó wà lẹ́yìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa á rẹ́ díẹ̀ kó wọ inú òkùnkùn, tí gbogbo etí bá mú kedere á dà bí ohun tí wọ́n gé lẹ mọ́ ọn.

Ìrì àti kòkòrò ló máa gbẹ̀yìn. Ìrì ò le rárá. Ewé ti gbẹ, àbí? Ẹ ya àmì kékeré bí ẹyin. Inú ẹ̀ lápá òsì lókè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn ju ewé lọ díẹ̀. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ gba inú omi kọjá lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ níta lápá ọ̀tún, òjìji tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ẹ fi funfun kan tóótó ṣoṣo sórí apá òkùnkùn yẹn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Fún kòkòrò, lámilámi ni mo máa ń lò, torí òun ló pọ̀ jù lójú omi wa, ìyẹ́ ẹ̀ sì ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kun ohun tó hàn gbangba.

Wàyí o, òṣíbàtà. Àwọn bàbá wa ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, tí mo bá fẹ́ fi ohun kan sókè pátápátá nínú ìdì òdòdó mi, òun ni. Àmọ́ funfun tó ń hù lọ́dọ̀ wa, òru ló máa ń là, tí oòrùn bá ti mú ó ti ń pa dé, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ bá àwọn apẹja ṣàdéhùn kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ kó tó mọ́, kẹ́ ẹ yà á lórí omi níbẹ̀, ẹ má já a wálé. Lọ́dún yìí ní tèmi, ọjọ́ méjì ni mo lọ, ibi tí wọ́n mú mi dé, ewé ló wà, kò sí òdòdó. Páákó mi wà nílẹ̀ báyìí, ilá ti wà lórí ẹ̀, elégédé, tannápoṣó, ìrì mẹ́ta, lámilámi kan. Òkè lápá ọ̀tún, mo fi ibi kan sílẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ òkú nìkan ló wà níbẹ̀, mo ti kọ ọdún yìí sí ara ẹ̀yìn páákó náà bí van Huysum, mo fi àyè sílẹ̀ fún ọdún kejì.